Òrùlé Koríko, Òrùlé Páànù: Ìtàn Ìkọ́lé àti Àyípadà Agbo Ilé ní Ìgboro Ìbàdàn Àtijọ́

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ipò àti ìrírí ìdílé ni òwe yìí ń tọ́ka sí, ṣùgbọ́n ilé gan-an, èyí tí wọ́n fi amọ̀ mọ, tí wọ́n sì fi igi àti koríko bò, kò jìnnà sí ìtumọ̀ rẹ̀. Ní ìgboro Ìbàdàn àtijọ́, ní Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Màpó àti Bẹyẹrúnká, orúkọ agbo ilé ni orúkọ ìdílé. Bí wọ́n bá bi ọmọ Ìbàdàn léèrè ibi tí ó ti wá, orúkọ agbo ilé ni yóò kọ́kọ́ dá, kí ó tó dárúkọ àdúgbò. Láti ẹnu ọ̀nà agbo ilé ni oyè ti ń bẹ̀rẹ̀, inú rẹ̀ sì ni wọ́n ń sin àwọn àgbà sí.

Síbẹ̀síbẹ̀, bí àwọn òpìtàn bá ń sọ̀rọ̀ nípa Ìbàdàn, ogun àti oyè ni ọ̀rọ̀ wọn máa ń dá lé. Díẹ̀ ni ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa ilé tí àwọn jagunjagun ń padà sí. Iṣẹ́ yìí gbé ìkọ́lé agbo ilé Ìbàdàn yẹ̀wò láti ìgbà ìtẹ̀dó ìlú náà títí di òde òní. Ohun tí ó fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé òrùlé ni àyípadà tó fọ́ agbo ilé ti kọ́kọ́ hàn, kì í ṣe ògiri. Nígbà tí koríko jẹ́ òrùlé, iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe ni ìbolé. Nígbà tí páànù dé, ó di ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè fi owó ara rẹ̀ rà. Láti ibẹ̀ ni agbo ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí pín sí wẹ́wẹ́.

Ìtẹ̀dó Ìbàdàn àti Ìpìlẹ̀ Agbo Ilé

Ní nǹkan bí ọdún 1829, lẹ́yìn tí ogun ti tú Òwu àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú Ẹ̀gbá ká, àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ tẹ̀dó sí Ìbàdàn. Ibùdó ogun ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe, kì í ṣe ìlú tí ọba aládé tẹ̀ dó. Ìdí nìyí tí ètò ilé rẹ̀ fi yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá mìíràn. Ní Ọ̀yọ́ tàbí Ifẹ̀, ààfin ni ojúko ìlú, ilé àwọn ìjòyè àti ti ará ìlú sì yí i ká. Ní Ìbàdàn, ọjà ni ojúko. Ọjà tí ó wà ní ẹsẹ̀ òkè Màpó, èyí tí wọ́n ń pè ní Ọjà Ìbà ní ìrántí Baṣọ̀run Olúyọ̀lé, tí ó kú ní 1847, ni ó di Ọjà'ba lónìí. Yí ọjà yìí ká ni àwọn olórí ogun ti gba ilẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ìjòyè ogun kan kì í nìkan gbé. Àwọn aya àti ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀, àwọn ọmọ ogun tí wọ́n bá a rìn, àwọn ìwọ̀fà, àti àwọn ẹrú tí ó kó bọ̀ láti ojú ogun. Bí ó bá ṣe ń ṣẹ́gun sí i ni ilé rẹ̀ ṣe ń gbòòrò sí i. Nítorí náà, títóbi agbo ilé jẹ́ ẹ̀rí agbára ẹni tí ó ni ín. Ilé Ìbíkúnlé, tí í ṣe Balógun, àti ilé Ògúnmọ́lá, tí ó di Baṣọ̀run, jẹ́ irú èyí tí orúkọ wọn kò parẹ́ títí di òní. Ìbíkúnlé yìí náà ni ó mọ odi tí ó yí ìlú ká ní 1858. Irú amọ̀ tí wọ́n fi mọ odi ìlú ni wọ́n fi mọ ilé, irú àwọn ọwọ́ kan náà ni ó sì mọ méjèèjì. Kò yẹ kí ìtàn gbàgbé pé púpọ̀ nínú àwọn ọwọ́ wọ̀nyí jẹ́ ọwọ́ ẹrú àti ti ìwọ̀fà.

Amọ̀ àti Ògiri

Samuel Johnson, ẹni tí wọ́n bí ní Sàró ní 1846, tí àwọn òbí rẹ̀ sì bá David Hinderer wá sí Ìbàdàn ní 1858, dàgbà láàrin àwọn ilé wọ̀nyí. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1921, ó ṣàpèjúwe agbo ilé gẹ́gẹ́ bí ọ̀wọ́ yàrá tí ó so pọ̀ yí àgbàlá ńlá kan ká, tí gbogbo wọn sì ń lo ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Àpèjúwe yìí bá ohun tí ó ṣẹ́ kù nínú àwọn agbo ilé Ìbàdàn mu.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń mọlé. Ilẹ̀ pupa tí ó wà nítòsí ni wọ́n ń wà, wọ́n á da omi sí i, wọ́n á fi ẹsẹ̀ pò ó, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ó lè rẹ dáadáa. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á tún un pò. Àwọn ọ̀dọ́ á máa sù ú ní ìṣù, wọ́n á máa jù ú sí mọlémọlé tí ó dúró lórí ògiri, òun náà á sì máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara wọn. Ìpele ni wọ́n ń mọ ọ́n. Bí ìpele kan bá ti ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ tàbí méjì, wọ́n á dáwọ́ dúró kí oòrùn lè gbẹ ẹ́ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ẹni tí ó bá kánjú gbé amọ̀ tútù lé amọ̀ tútù, ògiri rẹ̀ yóò wú, yóò sì wó. Ìpele mẹ́rin tàbí márùn-ún tó fún ilé tí kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà méje sí mẹ́jọ lọ. Lójú ibi tí ilẹ̀kùn yóò wà, wọ́n á fi igi líle ṣe àtẹ́rígbà, kí amọ̀ tí ó wà lókè má baà já lulẹ̀.

Bí ògiri bá parí, ó kan àwọn obìnrin. Àwọn ni wọ́n ń rẹ́ ògiri, tí wọ́n sì ń fi ìgbẹ́ màlúù àti omi ewé pa ilẹ̀ yàrá títí yóò fi máa dán. Iṣẹ́ ọdọọdún ni èyí, kì í ṣe ìṣẹ́jú kan kí ó parí. Òjò ni ọ̀tá ògiri amọ̀. Bí a kò bá tún un rẹ́, omi yóò ya ojú rẹ̀. Òwe tí ó ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀, àárín irú ìgbé ayé yìí ni ó ti yẹ ẹnu jù lọ, nítorí ògiri tí ó lanu ni ohun tí gbogbo ilé ń bẹ̀rù.

Ìfiwéra kan yóò mú kí ọ̀rọ̀ yìí yéni sí i. Nínú àwọn ilé oko àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, igi ni egungun ilé. Òpó àti ìtì igi óákù ni àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ń gbẹ́, tí wọ́n ń ki bọ inú ara wọn, tí wọ́n sì ń fi èèkàn igi dè; igi wẹ́wẹ́ tí wọ́n hun àti amọ̀ tí wọ́n fi dí àárín òpó kò ru ẹrù kankan. Bí amọ̀ bá já dànù níbẹ̀, ilé yóò ṣì dúró. Ní Ìbàdàn, òdì kejì ni. Amọ̀ ni egungun, òun ni ó ru òrùlé. Igi kò pọ̀ nínú ògiri rárá. Inú òrùlé, òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilẹ̀kùn àti àjà ni iṣẹ́ igi wà. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ikán a máa jẹ igi tí ó bá kan ilẹ̀, àfi irú igi líle bí ìrókò. Amọ̀ pupa, ní tirẹ̀, ń bẹ níbi gbogbo, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan ju agbára lọ.

Òrùlé Koríko àti Ewu Iná

Orí ògiri ni igi òrùlé ń fìdí lé. Wọ́n á fi ọparun àti imọ̀ ọ̀pẹ dábùú wọn, wọ́n á fi okùn dì wọ́n, wọ́n á wá fi koríko bò ó. Johnson sọ pé koríko bẹẹrẹ ni ó dára jù lọ fún iṣẹ́ yìí, àti pé ewé gbòdògì ni àwọn ará ilẹ̀ igbó ń lò níbi tí koríko kò ti pọ̀. Òrùlé náà dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀gẹ̀ kí omi òjò má baà dúró lórí rẹ̀. Etí rẹ̀ sì yọ síta jìnnà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orí ẹni tí ó bá ń wọlé. Ète méjì ni èyí wà fún. Èkíní ni pé ó ń gba òjò lójú ògiri. Èkejì ni pé ó ń ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibi tí àwọn ará ilé ń jókòó sí, tí wọ́n ti ń dáná, tí àwọn obìnrin ti ń rànwú, tí àwọn ọmọdé sì ń sùn sí nígbà ooru.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nípa òrùlé yìí ni pé kò ní ààlà. Láti yàrá baba dé yàrá àbúrò, láti yàrá ìyálé dé ti ẹni tí ó sá wá sábẹ́ ààbò, òrùlé kan náà ni ó bo gbogbo wọn yí àgbàlá ká. Bí apá kan bá ń jò, yàrá kejì yóò tutù. Nítorí náà, bí àkókò ìbolé bá tó, gbogbo agbo ilé ni yóò jáde. Àwọn kan á lọ pa koríko lóko, àwọn kan á máa dì í, àwọn mìíràn á máa nà án sókè. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣe é, àwọn àna àti ọ̀rẹ́ á sì wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Baálé ilé ni ó ń pàṣẹ iṣẹ́, òun ni ó sì ń bọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ẹni tí kò bá wá kò ní ẹnu láti sọ̀rọ̀ nígbà tí òjò bá dé.

Ṣùgbọ́n òrùlé tí kò ní ààlà kò lè dá iná dúró. Nígbà ọyẹ́, ẹta iná kan láti ibi ìdáná lè jó agbo ilé kan tán kí ó sì fò mọ́ èkejì. Àwọn mọlémọlé mọ èyí, ọgbọ́n tí wọ́n sì dá sí i ni àjà. Wọ́n á to igi sórí yàrá tí ó wà ní inú lọ́hùn-ún, wọ́n á sì fi amọ̀ bò ó, kí ó lè jẹ́ pé bí koríko bá tilẹ̀ jó, ẹrù tí ó wà nínú yàrá yóò bọ́. Orí àjà ni wọ́n tún máa ń kó nǹkan pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n àjà tí ń dáàbò bo ẹrù lè di ọ̀nà fún ibi pẹ̀lú. Johnson kọ ọ́ pé láti òkè àjà ni àwọn ẹrú tí wọ́n pa Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà ní 1874 ti gbà wọ inú yàrá rẹ̀. Bí iná bá sì ti jó ilé tán, ògiri a ṣẹ́ kù, koríko ọdún tí ń bọ̀ a sì bò ó. Òwe àwọn àgbà pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i, inú ìrírí irú èyí ni ó ti gba agbára.

Agbo Ilé Gẹ́gẹ́ bí Ètò Ìṣàkóso

Bí àlejò bá dé agbo ilé, ìloro ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí. Níbẹ̀ ni àwọn àgbàlagbà ń jókòó, kò sì sí ẹni tí ó lè wọlé tàbí jáde tí wọn kò ní rí i. Yàrá baálé kì í jìnnà sí ibẹ̀. Lẹ́yìn ìloro ni àgbàlá, ibi tí wọ́n ń so ẹṣin àwọn ológun àti ẹran ọ̀sìn mọ́, tí àwọn ọmọ ń ṣeré, tí wọ́n ti ń ṣe ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Ilé àwọn ìjòyè ńlá ní ju àgbàlá kan lọ, ọ̀kan á ṣí sínú èkejì. Inú yàrá òkú ni wọ́n ń sin àgbàlagbà sí, ojú oórì baba sì wà lábẹ́ ilẹ̀ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀. Èyí wà lára ìdí tí ó fi jẹ́ pé títa ilé ẹbí jẹ́ ohun tí etí kò fẹ́ gbọ́.

Ètò ilé yìí ni ètò oyè Ìbàdàn gbára lé. Olórí agbo ilé tí ó ní ìtàn ni Mọ́gàjí. Láti ipò Mọ́gàjí ni ènìyàn ti ń wọ orí àkàbà oyè, yálà ní apá ti Olúbàdàn tàbí ní apá ti Balógun, tí yóò sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Kò sí ìdílé ọba kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá dé òkè àkàbà, ilé tirẹ̀ ni ó ń di ilé ọba. Láti ìgbà àwọn Baálẹ̀ títí kọjá 1936, tí wọ́n yí oyè náà padà sí Olúbàdàn, inú agbo ilé ara wọn ni púpọ̀ nínú àwọn olórí ìlú ti ṣàkóso. Kọ̀bì, èyí tí í ṣe àmì ààfin ọba ní àwọn ìlú Ọ̀yọ́, kò di àmì Ìbàdàn. Ìgbà tí ó di 2024 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ààfin tuntun tí wọ́n kọ́ sí Òkè Àrẹ̀mọ fún Olúbàdàn. Nípa báyìí, fún ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún kan àti àádọ́rùn-ún ọdún lọ, agbo ilé kọ̀ọ̀kan jẹ́ ilé tí ọba lè ti jáde. Kì í ṣe ibùgbé lásán ni ògiri rẹ̀ ń yí ká, ẹ̀tọ́ ni.

Pẹ́tẹ́ẹ̀sì Dé

David Hinderer, oníwàásù ìjọ C.M.S., dé Ìbàdàn ní 1851. Ní 1853 ni òun àti Anna ìyàwó rẹ̀ wá tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Láàrin ọdún díẹ̀, wọ́n kọ́ ilé alájà níbẹ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí pẹ́tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn. Amọ̀ ilẹ̀ Ìbàdàn náà ni wọ́n fi mọ ọ́n. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni àjà tí ó di ilẹ̀ fún yàrá òkè, àkàbà tí a ń gùn lọ síbẹ̀, àti fèrèsé tí ó kọjú síta. Nínú agbo ilé, àgbàlá ni gbogbo yàrá kọjú sí. Ìta kò rí nǹkan kan ju ògiri lọ. Pẹ́tẹ́ẹ̀sì yí ojú ilé padà sí òpópónà.

Ní apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Àgùdà tí wọ́n padà bọ̀ láti Bràsíìlì gbé iṣẹ́ ìkọ́lé mìíràn dé Èkó. Ilé wọn ní ọ̀nà tóóró láàrin, yàrá sì wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀. Iwájú rẹ̀ ní fèrèsé tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun àti òpó tí wọ́n fi ọnà sí. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, irú ilé yìí bá a wá, pẹ̀lú páànù, sìmẹ́ǹtì àti ìṣó. Kòkó ni ó san owó rẹ̀. Àwọn olówó bí Sálámì Àgbájé ní Ayéyé àti Adébísí Gíwá ní Ìdíkàn kọ́ ilé ńlá tí ó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ní 1929, wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Màpó sí orí òkè náà, iṣẹ́ Taffy Jones, pẹ̀lú òpó ńláńlá tí ó dà bí ti àwọn ará Gíríìkì àtijọ́. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá dúró sí Màpó lè wo ìsàlẹ̀, kí ó sì rí gbogbo òrùlé Ọjà'ba àti Bẹẹrẹ bí wọ́n ṣe tẹ́ rẹrẹ.

Páànù àti Fífọ́ Agbo Ilé

Àǹfààní páànù kò ṣe é sẹ́. Kì í jóná, kò sì béèrè koríko tuntun ní ọdún díẹ̀ díẹ̀. Bí ìlú ti ń fẹ̀ sí i ni koríko ń jìnnà sí i, bí àwọn ọmọ sì ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àti oko kòkó ni ọwọ́ tí yóò pa á ń dín kù. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, páànù fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ìgboro Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta wà nínú páànù tí koríko kò ní.

Èkíní, ọjà ni wọ́n ti ń rà á, owó ni wọ́n sì fi ń rà á. Ọmọ tí kòkó rẹ̀ bá ta á ra páànù fún yàrá tirẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀. Ẹni tí kò ní á ṣì wà lábẹ́ koríko. Fún ìgbà àkọ́kọ́, òrùlé agbo ilé fi ẹni tí ó ní hàn yàtọ̀ sí ẹni tí kò ní. Èkejì, páànù gùn gbọọrọ, ó sì le. Kò lè tẹ̀ yí kọ̀rọ̀ ilé ká bí koríko ti ń ṣe. Ilé onígun mẹ́rin tí ó dá dúró ni ó bá a lára mu. Nítorí náà, bí apá kan agbo ilé bá wó, wọn kì í tún un mọ bí ó ti wà mọ́. Wọ́n á kọ́ ilé tuntun sí ojú rẹ̀, tí ó ní òrùlé tirẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹni tí ó ra páànù ni ó ni ilé. Bí òrùlé bá ti pín, baálé kò ní iṣẹ́ ìbolé tí yóò pè ènìyàn sí mọ́. Àṣẹ rẹ̀ kù sí orí ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀.

Páànù nìkan kọ́ ni ó ṣe gbogbo èyí. Lẹ́yìn tí ogun Kírìjì parí, tí Ìbàdàn sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1893, kò sí ìdí mọ́ láti gbé lẹ́yìn ògiri kan tí ó ní ẹnu ọ̀nà kan fún ààbò. Oko ẹrú dópin díẹ̀díẹ̀, owó ọ̀yà sì gba ipò rẹ̀. Ìjọba la ọ̀nà mọ́tò gba ìgboro kọjá. Akin Mabógúnjẹ́, onímọ̀ nípa ojú ilẹ̀ ayé, fi hàn nínú ìwádìí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960 pé ojúko Ìbàdàn ń dàgbà nípa pípín agbo ilé sí ilé wẹ́wẹ́. Àgbàlá ni àwọn ilé tuntun ń gbà, títí tí ààyè tí ó wà láàrin ilé fi di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tóóró. Ní ìkànìyàn 1952, iye ènìyàn Ìbàdàn jẹ́ 459,196. Púpọ̀ nínú wọn ni ó wà ní ìgboro àtijọ́ tí mọ́tò kò lè wọ̀, níbi tí omi kò ti rí ọ̀nà kọjá.

Ohun tí Ó Kù

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa sọ pé ayé àtijọ́ dára jù ní gbogbo ọ̀nà. Yàrá agbo ilé ṣókùnkùn, kò ní fèrèsé, kò sì sí ibi tí ìyàwó ilé lè gbà jáde tí ìloro kò ní mọ̀. Iná a máa jó o. Agbára ẹrú wà nínú ìpìlẹ̀ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó fi owó kòkó rẹ̀ kọ́ yàrá méjì pẹ̀lú fèrèsé, òmìnira ni ó ń wá, ó sì rí i.

Bákan náà, kò tọ́ láti pe ilé amọ̀ ní ilé ìṣẹ́. Ògiri rẹ̀ nípọn, ó ń gba ooru ọ̀sán mọ́ra kí ó má baà tètè dé inú yàrá. Àwọn tí wọ́n gbé abẹ́ páànù láìsí àjà mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún, wọ́n sì mọ ariwo òjò lórí rẹ̀. Ilé amọ̀ kì í sì í kú bí ọwọ́ kò bá kúrò lára rẹ̀. Ní ìlú Djenné ní Mali, ọdọọdún ni àwọn ará ìlú ń kó ara wọn jọ láti rẹ́ mọ́sáláṣí ńlá tí wọ́n fi amọ̀ mọ, èyí tí wọ́n tún kọ́ ní 1907. Wọ́n fi ìlú náà sí ara àwọn ogún àjùmọ̀ní àgbáyé ní 1988. Iṣẹ́ tí àwọn obìnrin agbo ilé Ìbàdàn ń ṣe lọ́dọọdún kò yàtọ̀ sí ti Djenné. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé Ìbàdàn dáwọ́ dúró.

Lónìí, ìyókù agbo ilé ṣì wà lẹ́yìn àwọn ilé búlọ́ọ̀kù ní ìgboro àtijọ́. Ìpele ògiri amọ̀ kan á yọjú níbi tí sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ ti ṣí. Òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan á dúró, ìloro kan á sì wà tí páànù tí ó ti dípẹtà bò. Ìdílé ṣì ń yan Mọ́gàjí, oyè sì ń lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àríyànjiyàn bá dé lórí ẹni tí ipò tọ́ sí, ibi tí yàrá baba ńlá wà, ibi tí ojú oórì rẹ̀ wà àti ẹnu ọ̀nà tí ọmọ rẹ̀ ń gbà wọlé jẹ́ ẹ̀rí tí àwọn àgbà máa ń tọ́ka sí. Bí ògiri bá wó tí kò sí ẹni tí ó ya àwòrán rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni yóò kù, ọ̀rọ̀ ẹnu sì lè gba ibi tí ó bá wu ẹnu.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti tọpa agbo ilé Ìbàdàn láti ibùdó ogun dé ìgboro òde òní. Ó ti fi hàn pé amọ̀ ni egungun ilé náà, pé òrùlé koríko ni ó so àwọn ará ilé pọ̀ nínú iṣẹ́, àti pé nígbà tí páànù, kòkó, ọ̀nà mọ́tò àti àlàáfíà dé, òrùlé pín, ilé sì pín tẹ̀lé e. Kò sí ẹni tí ó lè dá koríko padà sí orí ilé Ọjà'ba, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbìyànjú rẹ̀.

Ohun tí ó ṣe é ṣe ni àkọsílẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin ní 1947 pé kí wọ́n máa kọ orúkọ àwọn ilé tí ó ní ìtàn sílẹ̀, àwọn ilé oko onígi àtijọ́ sì wà lára àwọn tí òfin náà dáàbò bò. Nàìjíríà náà ní òfin ọdún 1979 tí ó dá àjọ tí ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí sílẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kò lè dáàbò bo ilé tí ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn àti èdè Yorùbá ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni lè fi okùn ìwọ̀n àti ìwé lọ sí agbo ilé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wọn ìloro àti àgbàlá tí ó ṣẹ́ kù, kí wọ́n ya àwòrán wọn, kí wọ́n sì bi Mọ́gàjí àti àwọn ìyá àgbà léèrè ẹni tí ó gbé yàrá kọ̀ọ̀kan àti ìgbà tí páànù dé orí rẹ̀. Àwọn tí wọ́n rántí bí wọ́n ṣe ń rẹ́ ògiri ń dín kù lọ́dọọdún. Bí ilé bá jẹ́ ohun tí à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ó yẹ kí àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí ní Ìbàdàn ṣì rí ohun kan wò.